Ẹrù Tó Gba Orí Omi Wá: Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, láti Ilé Ńlá Ìgbèríko Gẹ̀ẹ́sì dé Èbúté Tin Can

Ẹni tó bá ń ti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Tin Can láàárọ̀ mọ̀ pé títì Liverpool kì í ṣe ọ̀nà ẹni tó ń kánjú. Tírélà á ti tò lọ rẹrẹẹrẹ. Awakọ̀ kan á ti tẹ́ ẹní sábẹ́ kọntéínà, mótóbọ́ì á máa fi omi inú kẹ́ẹ̀gì bọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, agẹ́ǹtì á há fáìlì mọ́ abíyá, á máa yọ́ gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá. Orúkọ títì yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í bi ara wa léèrè ìlú tí wọ́n fi sọ ọ́ mọ́.

Liverpool gan-an, èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí epo pupa wa ń lọ láyé ọjọ́un, ni ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Mayumba ti gbéra lọ́jọ́ 22 oṣù kẹwàá, ọdún 1881. Ọmọ ọdún 22 ni dókítà inú ọkọ̀ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Edinburgh ni, owó ló sì ń wá. Wọ́n ya Sierra Leone, wọ́n ya Monrovia, wọ́n ń já ẹrù, wọ́n ń kó ẹrù, títí wọ́n fi dé iwájú Èkó. Nígbà yẹn, yanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé, ojú agbami níta ni wọ́n ti ń dúró kí ọkọ̀ kéékèèké wá kó ẹrù wọn. Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá, ibà gbé dókítà fúnra rẹ̀ ṣánlẹ̀. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni òun àti ikú fi jìjàkadì. Nígbà tí ojú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀, wọ́n ní ẹlòmíràn tí irú ibà kan náà mú ní àkókò kan náà ti kú.

Arthur Conan Doyle lorúkọ dókítà yẹn. Ọdún 1887 ló gbé Sherlock Holmes jáde fún aráyé. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀fọn Èkó pa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó lókìkí jù lágbàáyé kí wọ́n tó bí i.

N kò ní Èkó ló bí Sherlock Holmes o. Ohun tí mo ní í sọ ni pé irú ìtàn yẹn, ìtàn "ta ló ṣe é?" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti máa fi sínú ilé ńlá ìgbèríko, ọ̀rọ̀ èbúté ni látìbẹ̀rẹ̀. Ilé ńlá wulẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n gbé ẹrù pamọ́ sí ni. Orí omi ni ẹrù gbà wá. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe àlejò nínú ìtàn náà.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé ńlá yẹn bẹ̀rẹ̀. Ní abúlé kan tó ń jẹ́ Road, ní ìgbèríko Wiltshire, ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Samuel Kent, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ yẹ iléeṣẹ́ aláṣọ wò. Ilé alájà mẹ́ta ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó kejì, àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti kú, àwọn ọmọ ìyàwó tuntun, àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Àwa tí a dàgbà nílé olórogún mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ìyáálé ló ṣáájú níhìn-ín. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ọdún 1860, ẹnì kan gbé Saville, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, lórí ibùsùn rẹ̀ nínú yàrá tí olùtọ́jú rẹ̀ sùn sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú ọmọ náà nínú ṣálángá ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti dú u lọ́rùn, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé láti inú kí wọ́n tó sùn. Fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n bá ní ṣíṣí, àtinú ni wọ́n sì ti ṣí òun náà. Ará ilé ló ṣe é.

Ọlọ́pàá àdúgbò kò rí i yanjú. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí London tó rán Jonathan Whicher wá, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Scotland Yard lọ́dún 1842. Whicher kò wá ẹ̀jẹ̀. Ìwé alágbàfọ̀ ló ní kí wọ́n mú wá. Ó rí i pé aṣọ ìsùn mẹ́ta ló yẹ kí Constance, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún tí ìyáálé bí, ní. Méjì péré ló wà nílẹ̀. Lórí aṣọ kan tó sọnù yìí ló fi mú ọmọ náà.

Ariwo ta. Ta ni Whicher? Ọmọ olùtọ́jú ọgbà lásán ni, òun ló sì ń nàka sí ọmọ ọ̀gbẹ́ni, tó ń tú aṣọ abẹ́ ọmọbìnrin wò! Àwọn adájọ́ tú Constance sílẹ̀, ìwé ìròyìn bu Whicher, kò sì pẹ́ kò jìnnà tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1865, Constance fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá adájọ́, ó ní òun lòun pa ọmọ náà. Ogún ọdún ló fi ṣẹ̀wọ̀n. Ó yí orúkọ padà, ó wọkọ̀ òkun lọ sí Ọsirélíà, ó ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ó sì kú ní 1944, lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún. Òótọ́ ni Whicher ti ń sọ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú ọmọ yẹn, Wilkie Collins kọ ìwé kan tó pè ní The Moonstone. Ó gbé aṣọ ìsùn tó sọnù lọ síbẹ̀, ó fi ọ̀dà tí kò tíì gbẹ rọ́pò ẹ̀jẹ̀. Ó gbé ìwé alágbàfọ̀ lọ síbẹ̀. Ó gbé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti London lọ sáàárín àwọn ọlọ́lá tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú ilé wọn. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura ni pé Collins kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sínú ilé. Ohun tó sọnù nínú ilé ńlá ìwé tirẹ̀, òkúta iyebíye ni. Sójà Gẹ̀ẹ́sì kan ló sì jí i ní Íńdíà lọ́jọ́ tí wọ́n fogun kó Seringapatam ní 1799. Orí omi ló gbà dé. Àwọn ará Íńdíà mẹ́ta tọ̀ ọ́ wá lórí omi. Nígbà tí ìwé yóò fi parí, ilé àlejò àwọn atukọ̀ létí odò ní London ni wọ́n ti bá ẹni tó gbé e lọ, ó múra bí atukọ̀, ó ti kú. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó lọ kà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà tó ṣáájú gbogbo wọn ní 1841. Wọ́n pa ìyá àti ọmọ sínú yàrá kan ní Paris, ilẹ̀kùn wà ní títì, wọ́n kan fèrèsé pa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa yanjú, ẹranko ilẹ̀ Borneo ló ṣe é, atukọ̀ kan ló sì fi ọkọ̀ gbé ẹranko náà wá. Agatha Christie tí gbogbo ayé mọ̀ mọ ilé ńlá gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Mysterious Affair at Styles, jáde ní 1920. Májèlé ló pa ìyá olówó nínú ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wá tú u, Poirot, ogun ló lé e kúrò ní Belgium tó fi sọdá omi wá.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí tiwọn. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Àpápá fúnra rẹ̀, orí "ta ló ni ín?" ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìlú. Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tíjàní, bèèrè owó ilẹ̀. Wọ́n ní kò ní ilẹ̀, pé ẹ̀tọ́ kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún un nìkan ló ní. Ẹjọ́ yìí lọ títí ó fi dé iwájú Privy Council ní London. Ní 1920, Olúwa wọkọ̀ òkun, Herbert Macaulay tẹ̀ lé e, ó mú ọ̀pá Elékòó Èṣùgbàyí, ọba Èkó, dání. Ní oṣù keje 1921, àwọn adájọ́ London dájọ́ pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀ wọn, kí ìjọba sanwó. Ẹgbàá mọ́kànlá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn, £22,500, ni wọ́n san. Lọ́dún 1921 yẹn kan náà ni iṣẹ́ ibùdókọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ ní Àpápá. Bí ibẹ̀ ṣe ń gbòòrò ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ibi tí wọn yóò sùn sí ní òdìkejì kànáálù, Ajégúnlẹ̀ sì ń kún. Orúkọ ibẹ̀ ti sọ ọ́ tán, ajé ti gúnlẹ̀. Ilé ẹlòmíràn ló kàn ń sọ̀ sí.

Tin Can ní tirẹ̀, sìmẹ́ǹtì ló bí i. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì wọlé, gbogbo ayé ń kọ́lé. Ìjọba Gowon bá kọ̀wé pé kí wọ́n kó sìmẹ́ǹtì wá, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ètò ààbò ló sì bèèrè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èbúté Èkó kò lè gba ìdá mẹ́wàá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́dún. Nínú ọdún 1975, ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 ló ti tò sójú agbami Èkó, ibi tí Mayumba dúró sí láyé ọjọ́un. Ẹni tó bá dúró ní etíkun lálẹ́ á rò pé ìlú mìíràn ló tan iná sórí omi. Sìmẹ́ǹtì ń gan mọ́ inú ọkọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni pé ọkọ̀ tó bá ń dúró, owó ìdúró ń gorí rẹ̀ lójoojúmọ́, Nàìjíríà ló sì ń san án. Nítorí náà, ọkọ̀ gbẹ́gẹgbẹ̀gẹ tí kò wúlò fún nǹkan kan mọ́ kàn ní láti ru sìmẹ́ǹtì díẹ̀ wá síwájú Èkó ni, kó sọ ìdákọ̀ró sómi, kó máa gbowó. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ọ̀daràn á ti mọ ìbéèrè tó kàn: ta ló jèrè? Ta ló fọwọ́ sí ìwé? Lọ́jọ́ 29 oṣù keje 1975, àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Belgore kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1976. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ìwádìí yẹn dùn-ún kà ju ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn àròsọ lọ. Láti rí ibi já ẹrù sí ni ìjọba ṣe sáré kọ́ èbúté tuntun sórí erékùṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpápá. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ọdún 1977, ni wọ́n ṣí Tin Can.

Ẹ rántí yàrá títì pa ti Poe. Ìṣó ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Wọ́n kan ìṣó mọ́ fèrèsé, gbogbo èèyàn rí i pé ó wà níbẹ̀ digbí. Dupin, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé náà, ló fọwọ́ kàn án, tí orí rẹ̀ sì yọ sí i lọ́wọ́: ó ti kán nínú, ó kàn jókòó bí odindi ni. Lọ́jọ́ tí agẹ́ǹtì kan fi ọ̀rọ̀ síìlì hàn mí ní Tin Can, ìṣó yẹn ni mo rántí. Kọntéínà dé, síìlì wà lẹ́nu rẹ̀, nọ́ńbà ara síìlì bá ti inú ìwé mu. Wọ́n ṣí i, ẹrù kò pé. "Ṣé ẹ rí síìlì yẹn, Bùrọ̀dá?" ni ó wí, "ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án." Ó mú ọwọ́ mi, ó fi lé ibi tí irin kékeré kan ti so ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ òpó irin gígùn. Irin yẹn ni wọ́n ń gé. Wọ́n á yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn kúrò tòun ti síìlì, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á kó ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á dá a padà sáyè rẹ̀, wọ́n á fi irin mìíràn dè é, wọ́n á fọ́n ọ̀dà sí i. Orí irin tuntun ń dán díẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agẹ́ǹtì yẹn kò ka Poe rí.

Nínú ìwé Yorùbá ńkọ́? Láyé àtijọ́, bí nǹkan bá sọnù nílùú, Ifá ni wọ́n ń bi, tàbí kí wọ́n ní kí oníkálukú fẹnu kan irin, kó fi Ògún búra. Ìtàn tí wọ́n fi ẹ̀rí wádìí, tí ẹlẹ́ran ara ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tuntun ni. Síbẹ̀, ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí Yorùbá kọ sínú ìwé ìròyìn ti sọ gbogbo Èkó di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Láti 1929 ni I. B. Thomas ti ń tẹ lẹ́tà "Sẹ̀gilọlá" jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Sẹ̀gilọlá jẹ́ obìnrin tó lóun ti ṣe fàájì rí, àìsàn ló wá dá òun gúnlẹ̀. Thomas kò sọ fún wọn pé òun ló ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí i, wọ́n ń dá a mọ̀, wọ́n ń méfò ilé àti àdúgbò.

Ọdẹ ló jẹ́ akọni nínú ìwé Fágúnwà ní 1938, ó ń tọpa ẹran àti iwin. Ó di 1969 kí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó gbé Lápàdé dé nínú Àjà Ló Lẹrù, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba, tí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó tún mú un padà wá ní 1971 nínú Àgbàlagbà Akàn. Lápàdé kò ní í jókòó sínú ilé ńlá kankan kó máa bi ìránṣẹ́ léèrè. Ìgboro àti ojú títì ni tirẹ̀, nínú mọ́tò, láàárín àwọn ìgárá, Tàfá Ìgìrìpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí òun náà kì í ṣe ọmọ Ọlọ́run tẹ́lẹ̀. Àsìkò ló fà á. Àsìkò ogun abẹ́lé àti ẹ̀yìn ogun ni, ìbọn ti wọ ìgboro, oṣù kẹsàn-án 1971 yẹn náà ni wọ́n yìnbọn pa adigunjalè Ìṣọ̀lá Oyènúsì lójú gbogbo ayé ní Bar Beach.

Ọjà Bóòdù ni mo ti ra Àgbàlagbà Akàn tèmi, ní àlòkù. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín fi báírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo òwe, ó dájú pé ìdánwò ló ń kà á fún. Lójú ìwé kan, ó kọ "òun ni" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹnì kan, ó sì tún pa á rẹ́ lẹ́yìn náà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa Òkédìjí, tó fi dọ́dún 2019 tó papò dà, n kò rí oríyìn tó ju ìlà tí wọ́n pa rẹ́ yẹn lọ.

Kọ́lá Akínlàdé ló sún mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì jù. Nígbà tó ń wá ilé ńlá tirẹ̀, ààfin ló lọ. Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? lorúkọ ìwé tó gbé jáde ní 1971, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé wo ló tún ní ẹnu ọ̀nà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, olorì, ẹmẹ̀wà, ẹni tó ń retí oyè, ẹni tí wọ́n fi oyè dù? Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, a máa béèrè, a máa kọ ọ́ sílẹ̀, a sì máa tò ó bí ẹni to ẹyin. Lójú tèmi, Akínlàdé mọ ìdí tí wọ́n fi ń so okùn ìtàn ju Òkédìjí lọ, ṣùgbọ́n ẹnu Òkédìjí dùn jù ú lọ fíìfíì. Àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tiwọn náà ò jìnnà síra: Adaora Lily Ulasi bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ó sì fi ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ sí Ṣágámù, Kọ́lé Ọmọ́tọ́ṣọ̀ gbé Fella's Choice jáde ní 1974.

A ti ní ti ààfin, a ti ní ti ojú títì. Èyí tó kù ni ti èbúté, níbi tí ọkọ̀ 400 ti tò, tí síìlì wà lẹ́nu kọntéínà tí ẹrù inú rẹ̀ kò pé. Ẹ̀yin agẹ́ǹtì, ẹ̀yin akọ̀wé ibi ìkẹ́rùsí, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè tí ẹ ń gbé Ajégúnlẹ̀, Olódi àti Amúkòkò, ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é, ẹ sì mọ bó ṣe ṣe é. Ẹ yí orúkọ wọn padà, kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹni tó wà ní Liverpool tún kọ́kọ́ kọ ọ́.